Ọwọ́ Ta Ni Màámi Fẹ́ Mu

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ Lárúbáwá kọ jù mí lọ láti Ketu títí dé Ikosi, ẹ ní kó gbé wàláà rẹ̀ wá ká jọ jókòó. Ní ti ìwé òyìnbó, kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti bọ́ sílẹ̀, n kò sì fi pa mọ́ fún ẹnì kankan. Ilé alájà méjì ni mo kọ́ sí Ikosi. Tísà tó ń fi rúlà gbá mi lórí ní kíláàsì kẹta yẹn, ilé tó rẹ́ǹtì ló kú sí.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní èyí tí mo mọ̀. Á fi mí jókòó sídìí wàláà, pátákó pẹlẹbẹ tí àwa ọmọ kéú fi ń kàwé, á ti ẹnu gègé bọ inú tàdáwà, á sì fi lé mi lọ́wọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni màá máa kọ láti àárọ̀ títí di ìrun ọ̀sán. Bí lẹ́tà bàá mi kò bá tẹ́ nídìí bí ọkọ̀ ojú omi, pàṣán. Bí àmì abẹ́ rẹ̀ bá yà sápá kan, pàṣán. Bàá tó dá dúró ní ìrísí tirẹ̀, èyí tó ṣíwájú ọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, èyí tó há sáàárín ní tirẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ní tirẹ̀, mo sì jẹ pàṣán lórí gbogbo wọn. Nígbà tí bàbá mi fi máa kú, àwọn àfáà tó kàwé dé ilẹ̀ Lárúbáwá ń yà wá wo ohun tí mo bá kọ.

Àlùbọ́sà ni mò ń tà ní Mile 12, tírélà ni mo sì fi ń gbà á, kì í ṣe àpò. Àwọn Hausa tó ń gbé e wá láti Òkè Ọya, tí wọ́n bá rí bí mo ṣe kọ orúkọ ọjà mi sára àpò, wọ́n á dúró wò ó. Ọ̀kan nínú wọn pè mí ní málàm lọ́jọ́ kan. Mo ní n kò gbọ́, kó tún un sọ, kí àwọn ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ìsàlẹ̀ ilé mi ni màámi ń gbé. Láti ọjọ́ tí bàbá wa ti papò dà, èmi ni mò ń kọ hàǹtú fún wọn. Mo máa ń yan ìrẹsì títí á fi dúdú bí èédú, màá lọ̀ ọ́, màá fi pò tàdáwà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìrun Alásàárì, màá kọ ọ̀rọ̀ inú Kùránì kún wàláà tinú tẹ̀yìn, á gbẹ, màá wá fi omi mímọ́ ṣàn án sínú àwo, màá rọ ọ́ sínú ìgò. Omi yẹn ni màámi máa mu títí Ọjọ́bọ̀ mìíràn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá màámi jà. Dókítà kọ oògùn fún wọn, oníhóró méjì láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, àmọ́ màámi kì í fi omi mìíràn gbé e mì àfi omi hàǹtú mi. Wọ́n ní oògùn òyìnbó kò mọ ọ̀nà nínú ara àwọn, omi yẹn ló ń fà á lọ́wọ́ lọ síbi tó ń lọ. Wọn kò sì gba omi àfáà kankan tó yàtọ̀. Ọwọ́ tí ọkọ àwọn bá kọ́ ni àwọn ń mu. Ọwọ́ tí ọkọ wọn kọ́ kò pọ̀ láyé yìí. Èmi ni, àti àbúrò mi ọkùnrin tó sá kúrò ní kéú nígbà tí a ò tíì parí lẹ́tà àkọ́kọ́, tó lọ di akọ̀wé, tó ń gbé Mende nísinsìnyí. Àbúrò yẹn, ẹ má tíì kà á.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ àwa oníṣòwò ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Tírélà mi kan wọlé láàárọ̀, mo ń fi ọwọ́ júwe ibi tí wọ́n máa já ẹrù sí fún àwọn aláàárù, ni ọmọ mọ́tò bá fa ìlẹ̀kùn onírin ẹ̀yìn tírélà, ó pa á dé mọ́ àtàǹpàkò ọ̀tún mi àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e. N kò sunkún. Ẹni tó bá sọ pé mo sunkún, omi ojú àlùbọ́sà ló rí. Nílé ìwòsàn, wọ́n fi nǹkan funfun tó le bí sìmẹ́ǹtì bò ó dé ọrùn ọwọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí pé ọwọ́ òsì ńkọ́. Ọwọ́ tí a fi ń ṣàn dí kọ́ ni a fi ń kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ìgò tí mo ti rọ sílẹ̀ tán. Màámi gbé oògùn sórí àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n dijú sí i. Mo bẹ̀ wọ́n. Ìyàwó mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní a ò ṣẹ̀ wọ́n, omi ni àwọn ń dúró dè. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Bí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka á dúró síbẹ̀ bíi ti búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Daddy, tí Màmá ò bá lo oògùn yìí, ẹ̀jẹ̀ máa gùn wọ́n lórí. Ẹ má jẹ́ ká máa fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré.” Ọ̀rọ̀ omi kọ́ ni mo fi ń ṣeré. Ọwọ́ ni n kò ní.

Mo pe àbúrò mi.

Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń kọ Lárúbáwá báyìí.”

“Ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà ní kéú?”

“Kò lọ kéú, sà.”

“Bíi tìẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó jọ pé kò dùn ún. Ó ní, “Ẹ gbọ́ ná. Màámi ò fẹ́ mu ọwọ́ àjèjì, àbí? Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àjèjì. Kò tilẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ẹ bá ní kó kọ ló máa kọ, torí náà ọwọ́ yín náà ló ṣì jẹ́.”

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, ó sì wọ̀ mí létí. Ó ní òun máa wo inú Kùránì tẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì òun, òun á fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lójú ọ̀nà Ikosi, kí n lọ gbà á níbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé kan ni ibẹ̀ wà. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́nu ọ̀nà, èéfín rẹ̀ ń wọlé, bébà gbígbóná ń rùn, gbogbo ògiri kún fún ìwé ìpolongo ìsọjí. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan ló ni ín, ó tóbi, ó ń jẹ pọ́fùpọ́fù nínú ọ̀rá, òróró sì ń dán ní gbogbo ìka rẹ̀. Ó pè mí ní Àlhájì. N kò tíì dé Mẹ́kà nígbà yẹn, àmọ́ n kì í bá ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀ jà.

Ó ṣí ohun tí àbúrò mi fi ránṣẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà kún fún àmì ìbéèrè, láti òkè dé ilẹ̀, ìlà lórí ìlà. Kò sí lẹ́tà kan láàárín wọn.

Mo ní, “Kí nìyí?”

“Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ nìyẹn, sà.”

“Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo ní kó kọ. Ta ló ń bi Ọlọ́run ní ìbéèrè báyìí?”

Ó fi imú rẹ́rìn-ín. “Kò sẹ́ni tó bi Ọlọ́run ní nǹkan kan, Àlhájì. Ibì kan lójú ọ̀nà ni kò mọ nọ́ńbà àwọn lẹ́tà yín. Èyí tí kọ̀ǹpútà ò bá sì ti mọ̀, á yọ ọ́ dànù, á fi àmì ìbéèrè dí ojú ihò.”

“Nọ́ńbà wo?”

Ó yí àga rẹ̀ sí mi bí ẹni tó fẹ́ bá mi pín ogún. “Ẹ rò pé lẹ́tà ló wà nínú ẹ̀rọ yìí? Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀ o. Kò mọ A, kò mọ B, kò mọ tiyín náà. Òǹkà nìkan ló mọ̀. A ní nọ́ńbà tirẹ̀, B ní tirẹ̀. Tí mo bá tẹ A, nọ́ńbà ló kó pamọ́. Ìgbà tó bá fẹ́ fi hàn wá ló máa wá àwòrán tó bá nọ́ńbà yẹn mu.”

“Tí ọ̀kan ò bá wá mọ nọ́ńbà èkejì?”

“Ẹ wò ó. Àdúgbò yìí ní ilé nọ́ńbà kẹwàá, àdúgbò ẹ̀yìn náà ní nọ́ńbà kẹwàá. Bí mo bá ní kí ọlọ́kadà gbé ẹrù lọ sí nọ́ńbà kẹwàá, tí mi ò dárúkọ àdúgbò, ilé ta ló máa já a sí?”

“Ilé tó bá wù ú.”

“Kọ̀ǹpútà nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń fún lẹ́tà tirẹ̀ ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà tó jẹ́ lẹ́tà yín lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá, lẹ́tà Faransé tó dé fìlà ló jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ìjà ni gbogbo ìgbà. Wọ́n wá kó gbogbo lẹ́tà ayé sójú títì kan ṣoṣo, wọ́n fún kálukú ní nọ́ńbà tí ẹlòmíràn ò ní. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló tíì gbọ́.”

Ìríra gbà mí láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fi pàṣán tẹ̀ mọ́ mi lára, àwọn kan ti jókòó níbì kan, wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí i lára bí ilé tí ìjọba fẹ́ wó.

Mo ní kó dá àwọn lẹ́tà mi padà láti inú àwọn àmì ìbéèrè yẹn. Ó ní kò ṣeé ṣe. Àmì ìbéèrè náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, òun nìkan ló kù síbẹ̀, nọ́ńbà ti àtijọ́ ti lọ. Àfi ká tún un tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ti bá àfáà kan tẹ ìwé ìpè wọ̀límọ̀ rí, ó sì ti lẹ bébà kéékèèké tí lẹ́tà Lárúbáwá wà lára wọn mọ́ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kan. Èmi á máa nàka, òun á máa tẹ̀.

Mo ní, “Ẹ nu ọwọ́ yín kí ẹ tó fi kàn án.”

“Ọwọ́ mi mọ́ ju kíbọ́ọ̀dù náà lọ, Àlhájì.”

Mo wo kíbọ́ọ̀dù náà. Òótọ́ ló sọ. Ìdọ̀tí dúdú ti dì sí àárín àwọn bọ́tìnnì, èérún àkàrà wà níbẹ̀, irun orí wà níbẹ̀. Itọ́ kún ẹnu mi, n kò rí ibi tutọ́ sí. Mo nàka sí bàá, ó tẹ̀ ẹ́. Mo nàka sí síínì, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó jáde lójú ẹ̀rọ yẹn, mo lè fi bú ọmọ kéú ọjọ́ kìíní. Apá òsì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sí èyí tó di èkejì lọ́wọ́ mú, wọ́n tò bí àwọn tí ìyá kan náà bí tí wọn kò jọ sọ̀rọ̀ mọ́. Mo dìde. Mo ní mò ń lọ.

Ó ní, “Ẹ jókòó. Ẹ̀rọ yìí ti dàgbà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń so wọ́n pọ̀.” Ó kó o sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, ó gbé dísíkẹ́ẹ̀tì lọ sínú ẹ̀rọ tuntun tó wà ní kọ̀rọ̀, ó ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Gbogbo wọn so mọ́ra.

“Kí lẹ ṣe sí i?”

“Mi ò ṣe nǹkan kan. Àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ náà ni. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ sọ ló wà níwájú nínú ikùn rẹ̀, èyí tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì, ìgbà tó bá fẹ́ fi hàn nìkan ló ń rò ó. Ẹ tún wo bàá yín yìí.” Ó fi ìka olóróró rẹ̀ kàn án lójú ẹ̀rọ, ó fi àbàwọ́n sí i. “Iwájú ló wà níbí, àárín ló wà níbẹ̀ yẹn. Nọ́ńbà kan náà ni. Kọ̀ǹpútà á wo ta ló wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ta ló wà lósì, á wọ aṣọ tó yẹ fún un.”

“Láìsí pàṣán.”

“Pàṣán wo?”

Ohun tó jẹ mí lógún ni mo bi í. Mo ní, “Aṣọ yẹn, ta ló rán an? Ta ló ya bàá yìí?”

Ó ní fọ́ǹtì ni. Ó tẹ nǹkan kan, gbogbo ohun tí a kọ di tínínrín lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sanra. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó mutí. Nọ́ńbà kò yí padà, ó ní, ìrísí ló ń yí. Ẹnì kan ló jókòó lókè òkun tó ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ohun tó sì yà yẹn ni kọ̀ǹpútà ń bù fún gbogbo ayé.

“Ta ni ẹni náà?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Mùsùlùmí ni?”

“Àlhájì, ṣé èmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ jẹun ni?”

Àbúrò mi ní kọ̀ǹpútà kò lọ́wọ́. Irọ́ ni. Ó lọ́wọ́, ọwọ́ ẹni tí a ò mọ ìyá rẹ̀ ló sì fi ń kọ̀wé. Nọ́ńbà ni tèmi nínú rẹ̀, bàá jẹ́ ti ọkùnrin kan lókè òkun. Ohun tí màámi sọ pé kò gbọdọ̀ wọ ọ̀fun àwọn gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹsẹ̀ wọn. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nígbà tí mo délé, mo bu omi sínú àwo, mo ri bébà náà sí i. Mo dúró. Omi mọ́ bó ṣe wà. Mo fi ọwọ́ òsì rọra nù ún, lẹ́tà kankan kò ṣí. Mo fi agbára rà á, bébà di ẹ̀kọ tútù lábẹ́ ìka mi, lẹ́tà dúdú ṣì lẹ̀ mọ́ ègé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí eégbọn. Obìnrin yẹn ṣàlàyé lórí fóònù pé tàdáwà ẹ̀rọ òun kì í ṣe olómi, ìyẹ̀fun ni, iná ni ẹ̀rọ fi ń yọ́ ọ mọ́ bébà. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú korobá, mo wò ó títí. Lójú ayé mi n kò rí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí omi kò mọ̀ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àbúrò mi dé láti Mende. Ó ti gba dísíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ obìnrin Ìjẹ̀bú yẹn, ó fi ẹ̀rọ ilé rẹ̀ tó ń lo tàdáwà olómi tẹ̀ ẹ́, bébà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ní bí ọ̀kan bá bàjẹ́ ìkejì á wà. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó pẹran. A ri ọ̀kan sómi níwájú màámi. Èyí ṣí lóòótọ́. Ó kọ́kọ́ yọ dúdú, lẹ́yìn náà ó di àwọ̀ ewé, ó tún di àwọ̀ àlùkò létí àwo, ó ń dán lókè bí omi gọ́tà ilé ìtún-mọ́tò-ṣe. Òórùn ọ̀dà tuntun bo yàrá.

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó máa gbé èyí fún ìyá mi kí n tó tọ́ ọ wò.” Mo tọ́ ọ wò. Ó korò, ó ta, ó lẹ̀ mọ́ mi láhọ́n bí omi bátìrì. Mo tutọ́ sójú fèrèsé, mo tún tutọ́, ahọ́n mi ti di búlúù.

Àbúrò mi ní, “Ẹ jẹ́ ká bu omi lé e, sà.”

“Kí o bu omi lé orí rẹ.”

Màámi ti ń wò wá láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mímí wọn kò já geere ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Wọ́n ní ká gbé bébà kejì, èyí tí a ò tíì rì, fún àwọn. Màámi kò mọ̀wé, ti òyìnbó àti ti kéú. Wọ́n gbé e sítòsí ojú.

“Ọwọ́ ta nìyí?”

Àbúrò mi yára dáhùn. “Ọwọ́ Bọ̀dá ni, Màámi.”

“Ọwọ́ Bọ̀dá.” Wọ́n na ìka sí lẹ́tà kan, wọ́n wá ìkejì rẹ̀ lórí ìlà tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún wá ìkẹta. “Eléyìí dà bí eléyìí. Eléyìí náà dà bí i. Mo ti wo wàláà nílé ọkọ mi títí irun mi fi funfun. Bí bàbá yín bá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wọn máa ń le. Bí wọ́n bá dé àárín, ó máa ń rọ̀. Bí ebi bá ń pa wọ́n, mo máa ń mọ̀. Ẹni tó kọ eléyìí kò mí.” Wọ́n yí ojú sí mi. “Ìwọ lo kọ ọ́?”

Àbúrò mi ń ṣẹ́jú sí mi. Mo ní, “Rárá, Màámi. Ẹnì kan ní òkè òkun ni. A ò mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n fi bébà náà sílẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n ti àwo sẹ́yìn, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Ẹsẹ̀ wọn yọ lábẹ́ aṣọ, ó ń dán bí iṣu tí a bó.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo mú wàláà, mo mú gègé, mo gbé tàdáwà ìrẹsì mi. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí itan àbúrò mi. Ṣòkòtò ọ́fíìsì aláwọ̀ eérú ló wọ̀, tàdáwà ta sí i.

Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ ṣàánú mi. Mi ò kọ ọ́ mọ́ láti kékeré. Mi ò tilẹ̀ rántí bí wọ́n ṣe ń mú un.”

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Bàbá.”

“Jókòó.”

Mo ń pe lẹ́tà, ó ń kọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kò tíì rí nǹkan ẹ̀gbin. Bàá rẹ̀ ya ẹnu bí igbá tí ewúrẹ́ tẹ̀. Àmì tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ rìn lọ sábẹ́ aládùúgbò. Lẹ́tà mímù rẹ̀ dà bí yànmùyánmú tí wọ́n gbá mọ́ ògiri. Ìlà òkè ń sọ̀ kalẹ̀, ìlà ìsàlẹ̀ ń gòkè, wọ́n pàdé ara wọn láàárín wọ́n sì jà. Ó wá ń làágùn, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, tàdáwà ti kun ètè rẹ̀. Mo ní, “Pa á rẹ́. Tún un kọ.” Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, “Ìwọ ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá ní ọ́fíìsì?”

“Ní ọ́fíìsì, kì í ṣe wàláà ni mò ń kọ, sà.”

“Mo rí i.”

Mo fẹ́ ní kó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Màámi ló pè láti inú yàrá, ohùn wọn kéré: “Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Ẹ gbé e wá.”

Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kó ṣe é dáadáa. Kò dára.”

“Mo ní ẹ gbé e wá.”

Mo gbé e wọlé, ojú ń tì mí bí ẹni pé ìhòòhò ni mo gbé wọlé. Màámi gba wàláà sórí itan. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà tó wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí n kò rí lẹ́nu wọn nígbà tí mo bá gbé tèmi tó gún régé wá. Wọ́n ní, “Ẹ̀rù bà á níbí yìí.” Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni mo ti jágbe mọ́ ọn.

A ṣàn án. Omi náà dúdú, ó ní òórùn ìrẹsì jíjó. Màámi da hóró oògùn ìrọ̀lẹ́ kan sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sọ ọ́ sẹ́nu, wọ́n gbé ife omi ẹ̀gbin yẹn, wọ́n mu ún dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi ahọ́n lá ètè. Gbogbo ọdún tí mo fi pọ́n ọwọ́ mi, wọn kì í lá ètè.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì wá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní ohun yòówù tí a ń ṣe ká máa ṣe é lọ. Ẹsẹ̀ wọn tó wú rọlẹ̀. Wọ́n bọ́ nǹkan funfun yẹn kúrò lọ́wọ́ mi, ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ́. Ọwọ́ náà ṣì lè di bíró mú, bíró náà ni mo fi ń kọ èyí, bíró kì í bínú sí ìka tó wọ́. Gègé kò gbà á mọ́. Obìnrin Ìjẹ̀bú yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ti ra ẹ̀rọ mìíràn, ó ní gbogbo nọ́ńbà ti ń dé báyìí láìsí àmì ìbéèrè kankan. Mo kí i, mo kọjá.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni àbúrò mi ń ti Mende wá. Kò mọ̀ ọ́n kọ síbẹ̀. Màá jókòó sí iwájú rẹ̀ lórí ẹní, ojú mi á máa le, màá máa pe lẹ́tà, òun á máa ba lẹ́tà jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó to àmì mẹ́ta sórí lẹ́tà tó yẹ kó ní méjì. Mo la ẹnu láti ní kó pa á rẹ́.

Màámi pè mí láti inú yàrá. Oògùn ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n ní ṣé ó ti gbẹ.

Mo wo wàláà náà. Mo ní ó ti gbẹ.